Ṣé àtúnṣe lẹ́tà inú DNA ti tó ohun tí AS méjì lè gbé ìgbéyàwó lé?

Àfẹ́sọ́nà Ọ̀yẹ́ béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Èmi àti ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya ti mọra wa láti ìgbà tí a ti wà ní yunifásítì, àwọn òbí wa sì ti rí ara wọn. Nígbà tí ìjọ wa ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lè kéde ìgbéyàwó wa, AS ni wọ́n bá lára mi, AS náà ni wọ́n bá lára rẹ̀. Pásítọ̀ ní òun kò ní so wá pọ̀. Ìyá mi, tí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde pa àbúrò rẹ̀ kan, kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí mọ́.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn dókítà ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́ nínú DNA ṣe, pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i, àti pé kí ọmọ wa tó gbọ́njú, yóò ti dé Nàìjíríà. Mo ti ka díẹ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á ni ó ń dàrú mọ́ mi lójú, nítorí ibì kan sọ pé wọ́n ń gé DNA, ibòmíràn ní wọn kì í gé e, ibòmíràn tún ní wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan jíìnì tí ó ń fa àìsàn náà rárá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń tún ṣe gan-an? Bí wọ́n bá ti tún un ṣe fún ènìyàn, ṣé ó ti di AA nìyẹn? Ṣé mo sì lè gbé ìgbéyàwó mi lé e?

Onílàábù Adó fèsì:

Ẹ kú ìrònú, ọ̀gbẹ́ni. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, àyẹ̀wò jẹnotáípù sì wà lára ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, G àti C, ni a fi kọ DNA ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n tò tẹ̀léra wọn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3. Lórí kírómósómù kọkànlá ni jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní HBB. Òun ni ara ń lò láti ṣe apá kan lára hẹmoglóbìnì, ìyẹn purotéènì tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Lójú ibì kan nínú jíìnì yìí, lẹ́tà mẹ́ta tí ó yẹ kí ó jẹ́ GAG ti di GTG. A kan ṣoṣo ni ó di T. Nítorí ìyẹn, ní ipò kẹfà nínú purotéènì náà, ègé purotéènì kan tí ń jẹ́ valine ni ara ń fi síbi tí ó yẹ kí ó fi òmíràn, glutamic acid, sí, bí ọ́síjìn bá sì ti dínkù, àwọn hẹmoglóbìnì tí ó ní valine yìí (òun ni à ń pè ní S, èyí tí kò ní àléébù sì ni A) a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi gùn gbọọrọ nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò wọ́, yóò le, yóò sì há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe DNA, ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ kà fi ń ta kora.

Èkíní ni CRISPR-Cas9, tí Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier gbé jáde ní 2012, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì lé lórí ní 2020. Cas9 jẹ́ ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, tí ó ń gé DNA bí àlùmọ́gàjí. RNA kan, ìyẹn ìbátan DNA, tí nǹkan bí lẹ́tà 20 inú rẹ̀ bá ibi tí a ń wá mu, ni ó ń mú un dé ojú ibi tí yóò ti gé. Títí débẹ̀, iṣẹ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti gé okùn méjèèjì tí DNA ní, ara fúnra rẹ̀ ni yóò so wọ́n pọ̀, ojú ibi tí ó so kì í sì í sábà rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, nítorí lẹ́tà díẹ̀ lè bọ́ sọnù, òmíràn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá ṣe pé a fẹ́ dá iṣẹ́ jíìnì kan dúró ni, ìyẹn dára. Bí ó bá ṣe pé a fẹ́ tún lẹ́tà kan ṣe ni, kò dára tó.

Nítorí èyí ni oògùn tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, Casgevy, kò fi fọwọ́ kan GTG yẹn rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá. Jíìnì mìíràn, BCL11A, ni ó ń gé lápá kan. Iṣẹ́ BCL11A ni láti pa hẹmoglóbìnì F, tí ọmọ ń lò nínú oyún, lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti bí i. Bí BCL11A kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń di sẹ́ẹ̀lì pupa, F yóò padà wá, F kì í sì í jẹ́ kí S ráyè lẹ̀ mọ́ra. Nínú àwọn 31 tí wọ́n ti tẹ̀lé pẹ́ tó nínú ìwádìí tí Amẹ́ríkà gbé ìfọwọ́sí rẹ̀ lé, 29 ni ó lo oṣù 12 gbáko láìní kíráísísì líle, ìyẹn ìrora tí ó máa ń dé bá aláìsàn lójijì. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n S wọn ṣì wà níbi tí ó wà.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní base editing, òun sì ni kì í gé okùn méjèèjì. Ní 2016, ẹgbẹ́ David Liu ní Harvard mú Cas9, wọ́n gba agbára àti gé okùn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì so ẹ́ńsáìmù mìíràn mọ́ ọn tí ó ń sọ C di T. Ní 2017 wọ́n ṣe èyí tí ó ń sọ A di G. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí kò sí ẹ́ńsáìmù kankan tí a mọ̀ tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí DNA; wọ́n ní láti mú ẹ́ńsáìmù bakitéríà kan tí ń ṣiṣẹ́ lórí RNA, kí wọ́n sì máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ nínú láàbù títí ó fi gbà láti ṣiṣẹ́ lórí DNA. Níwọ̀n bí A ti ń dojú kọ T, tí G sì ń dojú kọ C, bí a bá yí lẹ́tà okùn kan padà, ti òdìkejì yóò tẹ̀lé e. Nítorí náà ìyípadà mẹ́rin ni ọ̀nà yìí lè ṣe: C sí T, G sí A, A sí G, T sí C.

Ẹ wá wo tiwa. T ni ó wà níbẹ̀, A ni a ń wá. Kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Base editing kò lè sọ GTG padà di GAG. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó sọ ọ́ di GCG, tí ara yóò kà sí ègé mìíràn tí ń jẹ́ alanine. Ó sì bọ́ sí i pé àwọn ènìyàn kan wà tí a bí pẹ̀lú alanine ní ipò kẹfà yẹn. Hẹmoglóbìnì wọn ni wọ́n ń pè ní G-Makassar, wọ́n fi orúkọ ìlú Makassar ní Indonesia pè é, kì í sì í wọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ní 2021 ni àbájáde ìwádìí jáde tí wọ́n ti fi ọ̀nà yìí sọ S di G-Makassar nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn àti nínú eku. Ohun kan tí ó yẹ kí a ṣọ́ níbẹ̀ ni pé bí lẹ́tà kan náà bá wà nítòsí èyí tí a ń wá, ẹ́ńsáìmù náà lè yí òun náà padà.

Ẹ̀kẹta, prime editing, ni ẹgbẹ́ David Liu kan náà gbé jáde ní 2019, Andrew Anzalone ni ó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Okùn kan ṣoṣo ni ó ń gé. RNA tí ó ń darí rẹ̀ gbé àdàkọ àwọn lẹ́tà tuntun dání, ẹ́ńsáìmù kan a sì kọ àdàkọ náà sínú DNA. Lẹ́tà èyíkéyìí ni ó lè sọ di èyíkéyìí, T sí A náà wà nínú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kéde rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi í tún lẹ́tà tí ó ń fa S yìí ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú láàbù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀nà kan wà láti dá GTG padà sí GAG, kò purọ́, èyí ni. Ṣùgbọ́n 2025 ni ìròyìn aláìsàn àkọ́kọ́ tí ó gba ìtọ́jú prime editing ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àìsàn sẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n sì lò ó fún, kì í ṣe fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ẹ béèrè bóyá ènìyàn ti di AA. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń rí lórí tábìlì mi dáhùn. Bí mo bá kán ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fọ́ sórí bébà cellulose acetate, tí mo sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, hẹmoglóbìnì A ni ó máa ń sáré jù, F a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni S, hẹmoglóbìnì C a sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí ó gba Casgevy, tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ti tán, ilà F àti ilà S ni yóò fà sórí bébà mi, kò ní sí A níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ S rẹ̀ di G-Makassar, ibi tí S máa ń dúró sí gan-an ni tirẹ̀ yóò dúró sí, nítorí pé bákan náà ni agbára iná mànàmáná tí ó wà lára hẹmoglóbìnì méjèèjì, láàbù tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò sì kọ SS fún un. Ara rẹ̀ lè yá, kí ìwé tí yóò mú lọ fún pásítọ̀ má yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdó fèsì:

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọgbọ́n tí wàá fi ṣe é. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Ọ̀gbẹ́ni Onílàábù ti sọ ti lẹ́tà. Ti ara ènìyàn ni mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ kan tí a ń gún kí a sì máa lọ sílé. Wọn yóò kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn tí yóò lé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ sẹ́ wọn, wọn yóò sì kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọn yóò ti tún wọn ṣe, èyí tí ó ń gba oṣù púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá kó wọn dé, wọn yóò fún aláìsàn náà ní busulfan, oògùn kẹmó tí yóò pa mùdùnmúdùn tí ó kù kí àyè lè wà fún àwọn tuntun. Irun rẹ̀ yóò re, ẹnu rẹ̀ yóò di egbò, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò sì ní ní agbára láti bá àrùn kékeré pàápàá jà, inú ilé ìwòsàn ni yóò wà. Busulfan yìí kan náà lè mú kí ènìyàn má lè bímọ mọ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i, ẹni ọdún 12 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e fún ẹnìkan, owó ibùsùn kò sí nínú rẹ̀. Mi ò ní ṣírò rẹ̀ sí náírà fún ọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin nìyí. Mùdùnmúdùn egungun nìkan ni wọ́n tún ṣe. Wọn kò dé ibi àtọ̀ ọkùnrin, wọn kò dé ibi ẹyin obìnrin. Ẹni SS tí ara rẹ̀ ti le koko, tí kò mọ kíráísísì mọ́, S ni yóò ṣì fún gbogbo ọmọ tí ó bá bí. Ìtọ́jú aláìsàn ni, kò wẹ ìdílé mọ́.

O ní kí ọmọ tó gbọ́njú. Àìsàn náà kì í dúró di ìgbà yẹn. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́fà, F tí Onílàábù sọ ti ń lọ sílẹ̀, S ti ń gba ipò rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá máa ń gbé ọmọ wá tí ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tí ó ń dán, tí ọmọ kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ìka rẹ̀ kankan, tí ìyá yóò sì máa sọ pé bóyá kòkòrò ni ó ta á lóru.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́ béèrè:

Ẹ ṣeun, mo kọ́ ẹ̀kọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní báólógì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìntì, ohun kan sì wà tí kò yé mi. Bí ìṣòro bá jẹ́ pé mùdùnmúdùn nìkan ni wọ́n ń tún ṣe, kí ló dé tí wọn kò tún lẹ́tà náà ṣe láti inú ọlẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ju kan tàbí méjì lọ, kí ó lè kan gbogbo ara ọmọ náà àti àwọn ọmọ tí òun náà yóò bí?

Onílàábù Adó fèsì:

Ẹ ṣeun sà. Ẹnìkan ti dán irú rẹ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá 2018, He Jiankui kéde ní ilẹ̀ Ṣáínà pé a ti bí ìbejì tí òun fi CRISPR yí jíìnì CCR5 wọn padà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọlẹ̀, kí kòkòrò HIV má baà lè ràn wọ́n. Ariwo ta káàkiri ayé. Ní ìparí 2019, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Yàtọ̀ sí ti òfin, ìyípadà náà lè ṣẹlẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kí ó má ṣẹlẹ̀ nínú òmíràn, bí àṣìṣe bá sì wọ ibòmíràn nínú DNA, ọmọ náà àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, fún AS méjì, àtúnṣe ọlẹ̀ kò tilẹ̀ nídìí. Ní ìṣirò, nínú ọlẹ̀ mẹ́rin tí AS méjì bá dá, mẹ́ta kì í ṣe SS. Bí tọkọtaya bá ti gbà láti ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú láàbù, wọ́n lè yẹ àwọn ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé wọn sínú ìyá, kí wọ́n sì mú èyí tí kì í ṣe SS. Kò sí lẹ́tà kankan tí wọ́n yí padà níbẹ̀, àṣàyàn lásán ni. Owó rẹ̀ ga, kì í sì í yọrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣe nísinsìnyí.

Ọmọ Ìjerò fèsì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. SS ni mí, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ni mo sì ń ṣe jẹun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì.

Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìrètí yìí jẹ́ ti àwọn òyìnbó nìkan. Ní 2025, ọmọ ọwọ́ kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè mú ammonia kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ gba base editing tí wọ́n ṣe fún lẹ́tà tirẹ̀ nìkan, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, láàárín oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì ti ṣe oògùn náà tán. Inú iṣan ni wọ́n fà á sí, kò sí kẹmó. Àwa tí a ní fòníkú-fọ̀la-dìde ni a pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé, ní Nàìjíríà níbí. Bí a kò bá máa béèrè fún un láti ìsinsìnyí, ta ni yóò rántí wa?

Ìkejì, ìwọ Àfẹ́sọ́nà: ọ̀kan nínú mẹ́rin kò túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta yòókù bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìṣirò tirẹ̀. Èmi ni àkọ́bí àwọn òbí mi, SS ni èmi àti àbúrò tí ó tẹ̀lé mi. Mi ò sọ pé kí ẹ má fẹ́ra o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá fẹ́ra, ẹ fẹ́ra nítorí ohun tí ẹ lè ṣe lónìí.

Onílàábù Adó fèsì:

Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ ni ọmọ Philadelphia nílò, horo ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fi ń gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì máa ń wọ ẹ̀dọ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Mùdùnmúdùn egungun ṣòro í dé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ọ̀nà gbé e dé ibẹ̀ dáadáa, kẹmó kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, iye rẹ̀ náà á sì wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdó fèsì:

Ọmọ Ìjerò, ó dùn mọ́ mi láti kà ọ́. Kí àwọn òbí tí ó ń ka èyí má baà rò pé kò sí ohunkóhun títí Amẹ́ríkà yóò fi ránṣẹ́: àyẹ̀wò ọmọ láti ìgbà tí a ti bí i, penicillin lójoojúmọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, folic acid, àti hydroxyurea lábẹ́ ojú dókítà. Hydroxyurea yìí ń gbé F sókè, ohun kan náà tí Casgevy ń ṣe, bí kò tilẹ̀ lágbára tó o. Oògùn ẹnu ni. Ó wà ní Nàìjíríà.

Àfẹ́sọ́nà Ọ̀yẹ́ fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni, mà, ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń lò fún aláìsàn báyìí kò tún lẹ́tà náà ṣe, àwọn tí ó lè fọwọ́ kàn án ṣì wà lọ́nà, kò sì sí èyí tí yóò yọ S kúrò nínú ohun tí èmi yóò fún ọmọ mi. Èmi àti òun yóò jókòó sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ IVF yẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe ìpinnu kankan, ṣé ó yẹ kí a tún ẹ̀jẹ̀ wa yẹ̀ wò? Láàbù kékeré kan nítòsí ọjà ni a ti ṣe é, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi kó èsì fún wa.

Onílàábù Adó fèsì:

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí láàbù ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ̀yin méjèèjì ṣe é níbì kan náà, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ HPLC. Bébà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín S àti irú hẹmoglóbìnì mìíràn tí ń jẹ́ D, HPLC lè ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sickling test, tí ó kàn ń wò bóyá sẹ́ẹ̀lì ń wọ́, nìkan parí rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti gba ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.